Imú Tìrìmísíyù Onídúrọ́ọ̀mù

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òtítọ́ nípa imú náà: kò tóbi. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn ará Ìdí-Òrò ní Mushin ṣe ń ròyìn imú Tìrìmísíyù Àkàngbé lè rò pé ó gba ojú ọkùnrin náà tán ni. Imú kékeré kan báyìí ni, tó rọra dúró láàárín ojú bí àlejò tí wọn kò tíì ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n imú yìí ló kọ́lé fún un. Òun ló rán Lubabah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ sí yunifásítì ní Ìlọrin. Òun náà ló sọ ọkùnrin tí kò ka ìwé kọjá ilé-ìwé mọ́dà di ẹni tí àwọn tó ń bá elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ ń pè ní Bàbá lórí fóònù.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo, lápá Wàrì lọ́hùn-ún àti lórí òkun, inú dúrọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bá wọn wọlé. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ wà níbẹ̀, epo tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àti kẹ́míkà lóríṣiríṣi tí wọ́n ń dà sínú ihò. Bí ohun inú rẹ̀ bá tán, dúrọ́ọ̀mù kì í tán. Láyé àtijọ́, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n dáná sun ún, tàbí kí wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó kí ejò máa fi ṣe ilé. Nígbà tó yá, ojú là. Ìjọba ń béèrè pé pàǹtí yín dà, báwo lẹ ṣe dín in kù, kí lẹ tún lò nínú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo palẹ̀ pàǹtí mọ́ ṣe gba ilé ìkẹ́rùsí sí Iganmu nìyẹn, tí tírélà ń kó òfìfo dúrọ́ọ̀mù wá síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti Iganmu ni Tìrìmísíyù ti ń kó tirẹ̀ wá sí ọgbà rẹ̀ ní Mushin, tó ń fọ̀ wọ́n, tó sì ń pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èyí tó bá jẹ́ ti ọṣẹ, ọ̀dà funfun ló máa fi kun etí rẹ̀. Ìyẹn lè gba omi ilé. Èyí tó bá jẹ́ ti epo ẹ̀rọ, ọ̀dà pupa ni tirẹ̀, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn bíríkìlà ló ń rà á. Èyí tó bá jẹ́ ti kẹ́míkà, dúdú ni. Kì í ta dúdú fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀. Ṣe ló máa fi ayùn là á sí méjì, kó má baà wu ẹnikẹ́ni, á sì dá a padà sí Iganmu kí wọ́n lọ yọ́ ọ fún ohun mìíràn.

Báwo ló ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù lára kì í bá a dé Èkó, òjò ojú ọ̀nà á ti jẹ ẹ́ tán. Imú ló kù. Tìrìmísíyù á ṣí ìdérí, á ki orí bọ inú dúrọ́ọ̀mù, á mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á yọ orí, á ní "funfun" tàbí "dúdú", ó parí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é láìṣi ẹyọ kan. Àwọn ará àdúgbò sì bá a bu iyọ̀ sí i. Wọ́n ní bó bá gbọ́ òórùn dúrọ́ọ̀mù, ó lè dárúkọ kànga tó ti wá. Wọ́n ní ó ki orí bọ ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ó ní ẹni tó dé e gbẹ̀yìn jẹ ìgbín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tìrìmísíyù kì í sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tu ènìyàn lára, pàápàá bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa á.

Ẹni tó wá gbé imú yìí gorí ìtẹ́ pátápátá ni Hadassah. Ọmọ Yaba ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà Mẹ́tọ́díìsì tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń bójú tó pàǹtí fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní Iganmu yẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó mú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan dání tó máa ń ké bó bá gbọ́ òórùn kẹ́míkà. Ó na ẹ̀rọ náà sí dúrọ́ọ̀mù kan, ẹ̀rọ dákẹ́. Tìrìmísíyù ki orí bọ̀ ọ́, ó ní "dúdú". Hadassah rẹ́rìn-ín, ó bu díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń yẹ nǹkan wò. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá, ó kúnlẹ̀ kí i. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ náà sùn sínú àpò, ohun tí ọmọbìnrin náà sì ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni pé Ọ̀gbẹ́ni T. Àkàngbé ti yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ wá wo ayé. Àwọn tó lówó ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ dé ibi tí òkúta ti ń gbóná, imú ọkùnrin kan ní Mushin ni wọ́n fẹ̀yìn tì.

Oṣù Ààwẹ̀ tó kọjá ni ọ̀fìnkìn mú Tìrìmísíyù. Ọ̀fìnkìn lásán ni, ó sín, ó fọn imú, ibà díẹ̀ tẹ̀lé e, ó ní ẹ̀fọn ni. Ara yá. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, kí wọ́n tó ṣínu, ìyàwó rẹ̀ Haleemah jó tùràrí nínú yàrá. Òwò Haleemah nìyẹn, lọ́fínńdà, bíńtù àti tùràrí ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Tìrìmísíyù jókòó, ó ń wo èéfín bó ṣe ń lọ sókè. Ojú rẹ̀ rí i, imú rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn. Ó ku díẹ̀ kí irùngbọ̀n rẹ̀ gbaná kó tó gbà pé èéfín náà kò ní bá òun sọ̀rọ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bu róòbù sínú omi gbígbóná, ó fi aṣọ bo orí lé e títí ojú fi pọ́n. Ó gé àlùbọ́sà sábẹ́ imú, omi dà lójú rẹ̀, imú kò mira. Ó ra aáṣáà lọ́wọ́ Hausa kan ní Ojúwòyè, ó fín in, ó sín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún, àwọn ayálégbé rẹ̀ ń kí i pẹ̀lẹ́ láti ojú fèrèsé, òórùn kò padà wá. Ní gbogbo àkókò yìí ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé yóò padà tó bá di ọ̀la.

Ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà jù. Ẹ̀rù ló ba ọkùnrin náà, ẹ̀rù gidi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, gbogbo ayé á rí i, wọ́n á bá a dárò. Ta ló máa bá ènìyàn dárò imú tó ṣì wà lójú rẹ̀, tó ń dán? Bí àwọn ará Iganmu bá sì gbọ́, ṣé wọ́n á tún fún un ní dúrọ́ọ̀mù? Bí kò bá sì sí imú mọ́, kí ló kù nínú Tìrìmísíyù? Bàbá kan tó ń fọ ike. Ó kúkú yàn láti dákẹ́.

Ọgbọ́n tó dá, ẹ jẹ́ ká yìn ín níbi tó bá yẹ, ọgbọ́n tó dára ni. Bí oníbàárà bá wọlé, á ki orí bọ dúrọ́ọ̀mù bíi ti tẹ́lẹ̀, á yọ orí, á wá ní, "Ìwọ náà wá gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ ọ́n." Oníbàárà á ki orí bọ̀ ọ́, á ní, "Bí ọṣẹ ni, Bàbá." Tìrìmísíyù á mi orí díẹ̀díẹ̀ bíi tíṣà. "O ń gbìyànjú," ni yóò wí, á sì kun funfun. Bí wọ́n bá ní ó ń ta àwọn nímú, á ní, "Wàá mọ̀ ọ́n," á kun dúdú. Inú gbogbo wọn ń dùn. Wọ́n ń sọ káàkiri Ìdí-Òrò pé Bàbá ti ń kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ báyìí, pé àgbà ti dé sí i. Oṣù mẹ́ta ààbọ̀ kọjá báyìí, imú àyálò ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sì ṣi ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ajé kan ni dúrọ́ọ̀mù méjìlá dé láti Iganmu, aláwọ̀ búlúù ni gbogbo wọn. Ìwé tó bá wọn wá ní ọṣẹ ni. Òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, oníbàárà kankan kò yọjú. Tìrìmísíyù fọ méjèèjìlá, ó jókòó sábẹ́ páànù, ó ń retí imú ẹni tó máa yá. Kò sí. Haleemah wà ní ìsọ̀, ojú sì ń ti Tìrìmísíyù láti ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó sú u, ó dìde, ó ń wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìfófó ọṣẹ wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Ó ní, ẹ wò ó, ọṣẹ ni. Kò rántí pé ọṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ fi fọ̀ wọ́n ló ń fófó. Ó kun méjèèjìlá ní funfun. Ó tilẹ̀ ń pe "funfun" sókè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì ni Fadilah wá ra ọ̀kan. Aránṣọ ni, ilé kejì sí ọgbà ló ń gbé, oyún inú rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ó fẹ́ ohun tó lè máa gba omi tó pọ̀ lọ́wọ́ mẹ́rúwà tó ń ta omi kiri, kí ọmọ tó dé. Tìrìmísíyù kò ní kó gbọ́ ọ. Ta ló ń ní kí aboyún ki orí bọ dúrọ́ọ̀mù? Ó fi ọwọ́ lu ọ̀kan, ó dún dáadáa, ó bá a yí i dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, fóònù dún. Hadassah ni.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe problem fún yín."

"Àǹtí Hadassah, mò ń gbọ́ yín."

"Àwọn méjìlá ọjọ́ Monday yẹn, ọ̀kan kì í ṣe ọṣẹ. Àwọn tó wà ní sáìtì ló kó o mọ́ wọn. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò tó ń jẹ páìpù nínú kànga ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi ti ń sáré kiri ọ́fíìsì. Mo ní, sir, ẹ fọkàn balẹ̀, imú Bàbá á ti mú un." Ó ń rẹ́rìn-ín. Tìrìmísíyù náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ènìyàn máa ń rín lórí àga dókítà eyín. "Ó mú un, àbí?"

"Ó mú un," ni Tìrìmísíyù wí.

"Mo mọ̀. Kí ni nọ́ńbà ara rẹ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Nọ́ńbà ti pa rẹ́."

"Kò burú. Ẹ kùn ún ní dúdú, ẹ má tíì là á o. Mò ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án yìí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Tìrìmísíyù kò tilẹ̀ tíì pé oṣù mẹ́rin. Ó ju fóònù sórí bẹ́ǹṣì, ó sáré lọ bá mọ́kànlá tó kù. Ó ki orí bọ àkọ́kọ́, ó mí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ki orí bọ ìkejì, ó mí títí àyà fi ń dùn ún. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó ti wọ inú rẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ kan ti kúrò nílẹ̀, bàtà rẹ̀ sì ti bọ́.

Bí Haleemah ṣe wọlé bá a nìyẹn, tó gbé oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ wá nínú kúlà. Ó dúró wo ìdí ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá Lubabah, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

Tìrìmísíyù yọ orí. Ìfófó wà lórí fìlà rẹ̀. "Ìyá Lubabah, o bọ́ sákòókò. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó bóyá imú obìnrin lè mọ iṣẹ́ yìí. Wá gbọ́ àwọn wọ̀nyí, kí n wò ó."

Haleemah gbé kúlà kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní, ó ń ki orí bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé "ọṣẹ", ó ń sún mọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Mọ́kànlá, ọṣẹ mọ́kànlá. Ojú Tìrìmísíyù ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kà wọ́n, nítorí ó mọ ibi tí ìkejìlá wà.

Nígbà tó parí, Haleemah nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ìgbà wo kí ni?"

"Bàbá Lubabah. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé bíńtù tó ti kan fún yín pé kí ẹ bá mi gbọ́ ọ wò. Ẹ ní ó dára, pé kí n rà sí i. Mo rò pé ẹ kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́ ni. Inú bí mi, mi ò sọ. Láti ìgbà wo?"

Ó sọ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí èéfín tùràrí dé orí fóònù Hadassah, ohùn rẹ̀ sì ń kéré bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dùn ún pé ìyàwó òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ báyìí, lẹ́yìn gbogbo Mushin tó ti fi imú wọn ṣe é lóore láìmọ̀. Haleemah fẹ́ bínú. Ó wo ìfófó tó wà lórí fìlà, ìbínú náà kò dúró.

"A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ," ló wí. "Ti imú, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà nílé Fadilah ńkọ́? Ẹ dìde ńlẹ̀."

Fadilah wà lẹ́nu ọ̀nà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì tó ti wú síwájú. Dúrọ́ọ̀mù búlúù náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kún dé ẹnu, wọ́n fi ìdérí bò ó. Haleemah dúró sẹ́yìn. Tìrìmísíyù kí aránṣọ náà, ó béèrè ara, ó béèrè ọkọ, ó béèrè oyún, ó tún fẹ́ béèrè ará ilé ọkọ ní Àgùdà kí Haleemah tó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Fadilah, ọmọ mi. Mo fẹ́ gbé dúrọ́ọ̀mù yẹn padà díẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ni kò wù mí. Mo fẹ́ tún un kùn."

"Háà, Bàbá, ọ̀dà rẹ̀ dára. Mo sì ti fi omi kún un láàárọ̀. Mẹ́rúwà ti lọ, ta ló máa bá mi dà á síbòmíràn? Ẹ jẹ́ kí n lò ó tán."

"Èmi á dà á."

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Funfun ti dé, kí là ń wá? Mo ti bù lára rẹ̀ gbé ìrẹsì kaná."

Tìrìmísíyù kò gbọ́ ìyókù. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìkòkò ń hó lórí sítóòfù nínú kòrídọ̀, ìdérí ń jó lórí rẹ̀. Ó pa iná, ó fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò náà sọ̀kalẹ̀, ó sì gbé e jáde wá síta pẹ̀lú èéfín lójú. Ọwọ́ jó o. Kò rántí pé ó yẹ kó dun òun.

"Ṣé o ti jẹ ẹ́? Ṣé o ti mu nínú omi yìí?"

"Rárá o. Píọ̀ wọ́tà ni mò ń mu. Bàbá, kí ló dé?"

"Kẹ́míkà kànga epo ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn," ni Tìrìmísíyù wí. "Mo kùn ún ní funfun, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Mi ò lè gbọ́ òórùn ohunkóhun. Láti oṣù Ààwẹ̀ ni imú mi ti kú, mo sì fi bò. Má bínú sí mi."

Ó ti ń retí pé kó pariwo. Àwọn ará ilé ti ń yọjú. Fadilah kò pariwo. Ó rọra gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀, ó ń wo dúrọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà ó wo bàbá náà.

"Mo gbọ́ òórùn kan nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀," ló wí. "Bí òórùn ọsibítù. Mo fẹ́ dé e padà kí n wá bá yín. Mo wá rí ọ̀dà yín létí rẹ̀. Mo ní oyún ló ń tàn mí jẹ. Mo ní, ṣé imú tèmi ni màá wá gbà gbọ́, kí n fi ti Bàbá sílẹ̀?"

Ọgbọ̀n ọdún ni inú Tìrìmísíyù fi ń dùn pé àwọn ènìyàn gba imú òun gbọ́ ju tiwọn lọ. Kò sí ìgbà kan tó rò ó wò pé ohun tí ìgbàgbọ́ náà lè fà nìyí. Ojú tì í, ẹ̀rù tún bà á lẹ́yìn ìtìjú náà. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà Fadilah máa ń jókòó lé, ìkòkò ìrẹsì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Hadassah bá wọn níbẹ̀ nígbà tó dé pẹ̀lú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́. Tìrìmísíyù dìde, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un níwájú gbogbo ilé, kò sì gé e kúrú. Ó dé orí ọ̀rọ̀ orí fóònù, ó ní, "Nígbà tí ẹ pè mí láàárọ̀, irọ́ ni mo pa fún yín." Hadassah yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Bàbá, èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Èmi ni mo sọ fún àwọn tó wà ní sáìtì pé kí wọ́n má dààmú nípa kíkọ nǹkan sára dúrọ́ọ̀mù. Mo ní kí ni bébà fẹ́ ṣe, Bàbá wà ní Mushin. Mo kọ ọ́ sínú report, àwọn ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́ fún mi."

Ó pe ọsibítù ilé-iṣẹ́ wọn lórí fóònù, ó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Fadilah. Wọ́n ní bí kò bá ti mu ún, kó fọ ọwọ́ dáadáa, kó sì wá kí àwọn rí i ní ọ̀la. Fadilah ní kí wọ́n bá òun da omi náà sí gọ́tà kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù wọn lọ. Tìrìmísíyù àti Hadassah kígbe pọ̀ pé rárá. Omi yẹn kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà ló máa padà sí Iganmu, pẹ̀lú ìrẹsì, pẹ̀lú ìkòkò. Hadassah ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ pé dúrọ́ọ̀mù kan, omi tó kún un, ìkòkò ìrẹsì kan tó ti fẹ́ jinná. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo ní Nàìjíríà, òun kò rò pé ẹnikẹ́ni ti kọ ìrẹsì sílẹ̀ báyìí nínú pàǹtí rẹ̀ rí. Fadilah tó ń wò wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìrẹsì Ọ̀fadà ni, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sí i.

"Ẹ ó tún fún mi ní dúrọ́ọ̀mù?" ni Tìrìmísíyù béèrè, lẹ́nu ọkọ̀, nígbà tí àwọn tó kù ti lọ.

"Ẹ máa wá. Ta ló mọ̀ ọ́n fọ̀ bíi tiyín? Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mi á tún jí. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi irin gbígbóná kọ ọ́ sára ike láti ibẹ̀ wá. Orúkọ yín kò sì ní sí nínú report mi mọ́, Bàbá."

"Ó tọ́," ló wí. Ó dùn ún gidigidi, ó sì tọ́.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí Fadilah dé láti ọsibítù pé òun àti ọmọ inú òun kò ní nǹkan kan, ó wá sí ọgbà. Ó ní òun wá gba òmíràn. Tìrìmísíyù ti fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà fún un. Ó ní Haleemah ti gbọ́ ọ, Hadassah ti fi ẹ̀rọ wò ó, kó gbé e lọ.

"Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi gbọ́ ọ."

"Fadilah, pẹ̀lú inú yìí?"

"Ẹ dì mí mú."

Ó dì í mú lápá. Aboyún náà tẹ̀ síwájú, ó di etí dúrọ́ọ̀mù mú, ó rọra ki orí bọ̀ ọ́ títí gèlè rẹ̀ fi wọlé tán. Ó pẹ́ níbẹ̀. Tìrìmísíyù dúró, ó ń retí ohun tó máa sọ. Nígbà tó yọ orí, ó ní, "Ọṣẹ ni, Bàbá. Ó dára."

Tìrìmísíyù kò tíì jọ̀wọ́ apá rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, tún un gbọ́."